Àrá Tesilimi Balógun: Iṣẹ́ Tó Ṣe Ju Ìtàn Tá À Ń Pa Lọ

Ní Ìsọlọ̀, bíi ti Mushin àti Ọ̀ṣòdì, àgbàlagbà tó bá ti gbọ́njú mọ Èkó kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ kò ní ṣàì mọ ìtàn bọ́ọ̀lù tó pa aṣọ́lé. Wọ́n ní Tesilimi Balógun, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Thunder, gbá bọ́ọ̀lù kan lọ́jọ́ kan. Aṣọ́lé fi àyà gbà á, ó dì í mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n òun àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n jọ wọ inú àwọ̀n, kò sì dìde mọ́. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, àwọ̀n ni bọ́ọ̀lù náà ya, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn ọ̀hún dùn létí, ó sì ti pẹ́ tó fi jẹ́ pé ọmọ ń gbà á lẹ́nu bàbá, ọmọ-ọmọ sì ń gbà á lẹ́nu ọmọ.

Èmi náà ń gbádùn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìtàn náà ti gbé ọkùnrin tó ni ín mì. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó àti Jos, tó bá ikọ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sí England, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú Football League ilẹ̀ náà, tó sì tún kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gboyè kó tó padà sílé: gbogbo èyí ti rọra wọ abẹ́ ìtàn àgbọ́sọ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ Balógun le. Kò mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí òdìkejì òkun ná, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára. Learie Constantine jẹ́ agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì, ọmọ erékùṣù Trinidad. Wọ́n bí i ní Petit Valley, nítòsí Diego Martin, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901. Bàbá rẹ̀, Lebrun, jẹ́ alábòójútó nínú oko kòkó, òun náà sì mọ kíríkẹ́ẹ̀tì gbá dé ibi pé ó bá ikọ̀ West Indies, ti àwọn erékùṣù Caribbean, lọ sí England ní 1900 àti 1906. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ Trinidad yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá bá ara wọn sí láyé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀, títí di òní sì ni wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀.

Tí o bá fẹ́ mọ ohun tí Constantine ṣe, o ò nílò àlọ́. Eré onípò kìn-ín-ní tó gbá jẹ́ 119. Rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, tó gbà nínú wọn jẹ́ 4,475, ẹni tó sì fi bọ́ọ̀lù jíjù lé kúrò lórí pápá jẹ́ 439. Ní oṣù kẹfà ọdún 1928, ní pápá Lord's nílùú London, ó gba rọ́ọ̀nù 86 nínú abala kìn-ín-ní ìdíje pẹ̀lú ikọ̀ Middlesex. Nígbà tó kan òun láti jù, ó lé èèyàn méje. Nígbà tí wọ́n tún gbé pátákó lé e lọ́wọ́, ó gba 103, West Indies sì borí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ lè ṣí ìwé kó rí i bí ìgbà tó jẹ́ àná. Ìwé ọdọọdún kan tó ń jẹ́ Wisden ti ń jáde ní England láti 1864. Eré tí wọ́n bá ti gbá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó gbà, ẹni tó jù, iye tó jẹ́. Ìwé yẹn kò bèèrè bóyá dúdú ni ẹni tó gbá a tàbí funfun.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Èkó kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn Daily Times àti West African Pilot ń ròyìn eré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àná ni wọ́n fi ń di àkàrà lónìí.

Kíríkẹ́ẹ̀tì pàápàá kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1904 ni ikọ̀ Èkó ti ń bá ti Gold Coast gbá a. Pápá Race Course àtijọ́, tí a mọ̀ sí Tafawa Balewa Square báyìí, ṣì ní ibi tí wọ́n ti ń gbá a títí di òní. Ṣùgbọ́n eré àwọn ọmọ ilé-ìwé bíi King's College àti àwọn akọ̀wé ìjọba ló jẹ́ nígbà náà. Ó ń fẹ́ pátákó, ó ń fẹ́ aṣọ funfun, ó ń fẹ́ ọjọ́ kan gbáko tí èèyàn kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn òyìnbó ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní tiwọn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí òmìnira fi ń kanlẹ̀kùn. Ní erékùṣù Caribbean, ọmọ tálákà á gé imọ̀ àgbọn fi ṣe pátákó, á máa gbá a ní etíkun. Ibẹ̀ ló ti di eré mẹ̀kúnnù. Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ipò yẹn, nítorí pé kò bèèrè ju ilẹ̀ títẹ́jú àti ohun róbótó kan lọ.

Inú bọ́ọ̀lù yìí ni Balógun ti jáde. Ikọ̀ tó gbá fún pọ̀: Apapa Bombers, Marine, Railway, ikọ̀ Jos, Dynamos, Pan Bank. Ẹni tí kò gbé ayé ìgbà náà lè rò pé alárìnkiri ni. Rárá o. Iléeṣẹ́ ìjọba àti ti òwò ló ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù nígbà náà. Marine jẹ́ ti àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, Railway sì jẹ́ ti àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá máa ń rí iṣẹ́ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ni á lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni á bọ́ sí pápá. Kò sí ẹni tó ń pè é ní agbábọ́ọ̀lù lórí ìwé owó oṣù. Alágbàṣe tàbí akọ̀wé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, Marine ló sì kọ́kọ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ní ìdí láti dá iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ àṣekágbá, tí èrò á sì máa rọ́ lọ sí pápá King George V ní Oníkan, èyí tó ń jẹ́ Mobolaji Johnson Arena báyìí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ MV Apapa ní èbúté Èkó. Wọ́n ń lọ sí England. Etim Henshaw ni adarí wọn, Balógun sì wà nínú wọn. Ẹ fojú inú wo àwọn ọkùnrin yìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì rí òtútù rí ju ti ọyẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò lórí omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí pápá, pẹ̀lú ikọ̀ kan tó ń jẹ́ Marine ní Crosby (orúkọ kan náà pẹ̀lú ti Èkó, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín), ojú àwọn ará ìlú là kedere: ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà kò wọ bàtà. Bándéèjì ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ koríko England. Wọ́n sì na àwọn onílé ní ayò márùn-ún sí méjì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá, méjì péré ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Nígbà tí òjò dé tí ilẹ̀ sì di ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lásán kò ṣeé dúró lé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ yà ní Freetown, wọ́n sì bá Sierra Leone gbá ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Ayò méjì sí òdo ni wọ́n fi borí. Eré yẹn ni ìwé kà sí eré àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Ohun gbogbo tá a wá ń pè ní Super Eagles lónìí, láti orí àwọn wọ̀nyẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1955, Balógun tún gba ọ̀nà omi kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò. Iṣẹ́ ló lọ ṣe. Peterborough United ló gbà á, ikọ̀ tí kò tíì wọ líìgì àgbà nígbà náà, tí George Swindin, aṣọ́lé Arsenal tẹ́lẹ̀, ń darí. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Skegness Town. Kì í ṣe òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù jẹun ní England; Arthur Wharton, ọmọ tí wọ́n bí ní Accra, ti ń gba owó fún un láti 1889. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó kò tíì tọ ọ̀nà yẹn dé ibi tí Balógun máa dé.

Ibi tó yẹ ká dúró wò nìyí. Kí ló túmọ̀ sí fún ọmọ ilẹ̀ amúnisìn láti lọ ta agbára ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀gá?

Constantine ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ní 1929, ìlú Nelson ní Lancashire gbà á sí ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn. Ìlú ahunṣọ ni Nelson. Lancashire yẹn kan náà ni aṣọ òwú ti ń wọ ọkọ̀ wá sí ọjà Èkó. Ètò líìgì wọn nìyí: ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n á máa sanwó fún. Àwọn tó kù jẹ́ ahunṣọ, olùkọ́ ilé-ìwé, ọmọ ilé ìtajà, tí wọ́n ń gbá a ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Ẹnì kan tí wọ́n ń san owó fún yìí ni gbogbo ìlú á wá wò. Tó bá gba rọ́ọ̀nù 50, wọ́n á gbé fìlà káàkiri láàárín èrò, oníkálukú á sọ kọ́bọ̀ sí i, owó náà sì di tirẹ̀. Pọ́n-ùn 500 ni wọ́n ṣàdéhùn fún Constantine fún sáà kan, láìka owó fìlà. Ẹ fi wé èyí: ní ọdún náà, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó dára jù ní England kò gbọ́dọ̀ gbà ju pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ́sẹ̀ lọ, nítorí òfin ló fi ààlà sí i. Ọmọ ọmọ ẹrú wá ń gba owó tí ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù òyìnbó kò lè gbà.

Owó kò sọ pé kí ojú má tini o. Nígbà tí Constantine àti ìyàwó rẹ̀, Norma, kọ́kọ́ dé Nelson, àwọn ọmọdé ń yọjú láti fèrèsé wo irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan kọ lẹ́tà èébú sí wọn. Wọ́n rò ó pé kí àwọn padà sílé, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Ọdún mẹ́sàn-án tó lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni Nelson gba ife líìgì. Nígbà tí C.L.R. James, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad, dé England ní 1932, ilé Constantine ní Nelson ló sọ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń jíròrò ọ̀rọ̀ òmìnira.

Ní oṣù keje ọdún 1943, Constantine lọ sí London láti gbá eré kan ní Lord's. Ó ti san àsansílẹ̀ ní Imperial Hotel tó wà ní Russell Square fún òun, ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè sùn, nítorí àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ kò ní fẹ́ rí wọn. Ó gbé òtẹ́ẹ̀lì náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944. Owó ìtanràn kéré, pọ́n-ùn márùn-ún péré, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà dúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí Èkó rárá. Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti ọ́fíìsì àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní London, dé Èkó, wọ́n sì ti fún un ní yàrá ní Bristol Hotel. Nígbà tí wọ́n rí i pé dúdú ni, wọ́n ní kò sí àyè. Ìlú gbaná. Àwọn olóṣèlú àti ìwé ìròyìn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, ìjọba amúnisìn sì ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun yíya dúdú sọ́tọ̀ sí funfun. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ 1949 wọ ọkọ̀ MV Apapa. Ẹni tó bá ń rò pé bọ́ọ̀lù lásán ni wọ́n lọ gbá kò mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún yẹn.

Nígbà tí Balógun fi dé Queens Park Rangers ní London ní 1956, òfin tó fi ààlà sí owó agbábọ́ọ̀lù ṣì wà. Pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè gbà jù, ọdún 1961 ni wọ́n tó fòpin sí i. QPR wà ní ìpele kẹta, apá gúúsù. Eré líìgì 46 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan. Balógun gbá 13 nínú wọn, ó sì gbá ayò mẹ́ta wọlé. Lẹ́yìn sáà yẹn ó lọ sí Holbeach United, ikọ̀ kékeré kan, kó tó padà wá sílé.

Mẹ́tàlá àti mẹ́ta. Iye yìí ni mo fẹ́ ká fi sọ́kàn, nítorí pé àwọn òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, òun sì ni ohun tó dá wa lójú jù nípa ẹsẹ̀ Thunder. Kò pọ̀. Àwọn kan máa ń tijú rẹ̀, wọ́n á yára sá padà sídìí ìtàn aṣọ́lé tó kú. Èmi ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Líìgì ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì Nelson. Kò sí ìlú kan tó dìde láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé Balógun ni tiwọn, òun nìkan ṣoṣo. Kò sí fìlà tí wọ́n gbé káàkiri. Ó ń bá èèyàn tí ó ju ogún lọ du ibi mọ́kànlá, nínú òjò yìnyín àti ẹrẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, ní ìlú tí ọmọ dúdú kì í ti rí yàrá yá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó ti ibẹ̀ gbá ayò mẹ́ta wọlé nínú líìgì àwọn tó dá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ti ṣe ohun tí ọmọ Nàìjíríà kankan kò ṣe rí.

Ohun tó mú bọ̀ tún ju ìyẹn lọ. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún ló kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ìwé yẹn wúwo ju bọ́ọ̀lù tó pa aṣọ́lé lọ. Láti 1949 wá, òyìnbó ni ìjọba àti àjọ bọ́ọ̀lù sábà máa ń gbé ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa lé lọ́wọ́. Dúdú á máa sáré, funfun á máa sọ ibi tó máa sá sí. Ọkùnrin kan wá dé láti England tó ní, mo lè sáré, mo sì lè kọ́ni.

Ìjà tó wà níbẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Caribbean ń jà lórí kíríkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí West Indies ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn orílẹ̀-èdè ńlá gbá ní 1928, aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń fi ṣe adarí ikọ̀. George Headley, ọmọ Jamáíkà tí kò sí ẹni tó mọ pátákó jù ú lọ láàárín wọn, darí eré kan ṣoṣo péré, ní 1948. Frank Worrell, ọmọ Barbados tí wọ́n bí ní 1924, gba rọ́ọ̀nù 261 ní Nottingham ní 1950, ó ń gbá líìgì ní Radcliffe nínú Lancashire, ó sì tún ń kàwé ní yunifásítì Manchester. Síbẹ̀ wọ́n ń fi í ṣe ọmọ ẹ̀yìn àwọn tí kò mọ eré tó o. C.L.R. James tí a ti dárúkọ padà sí Trinidad, ó gba iṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Nation, kò sì sinmi títí tí wọ́n fi gbé ikọ̀ lé Worrell lọ́wọ́ ní 1960.

Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ní oṣù kejìlá, Worrell kó ikọ̀ rẹ̀ dé Brisbane ní Australia. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, rọ́ọ̀nù àwọn méjèèjì dọ́gba pẹ́kípẹ́kí, nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń bára wọn gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní Melbourne, àwọn ará ìlú tú jáde sójú pópó, wọ́n ń júwọ́ sí àwọn dúdú tó wà nínú ọkọ̀ aláìlórùlé, ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ kò gba dúdú láyè láti wá gbé níbẹ̀. Adarí tó tutù, tó ń gbọ́ tẹni gbogbo, ló ṣe é. Nínú eré 15 tó darí, ó borí mẹ́sàn-án. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1967, ọmọ ọdún 42 péré, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún un ní Westminster Abbey, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ fún eléré ìdárayá kankan rí ṣáájú ìgbà náà.

Balógun kò rí ìyẹn. Kò tilẹ̀ bèèrè fún un. Ó padà wálé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí ìdíje Olympics ní Mexico ní 1968, ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ náà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nílé. Japan na Nàìjíríà, Spain náà nà án, ṣùgbọ́n nígbà tó kan Brazil, ayò mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n ta ọ̀mì. Brazil o! Àwọn ọmọ tó fi òkìkí orílẹ̀-èdè tó ń jagun ránṣẹ́ sí ayé lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Loftus Road, pápá QPR, wà nínú ìmọ̀ wọn. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pa èyí ní ìtàn ní ìsọ̀ ayò rí.

Balógun sùn ní alẹ́, kò jí mọ́. Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1972 ni.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan sí Sùúrùlérè ní àárín àwọn ọdún 1980, lójúkojú pẹ̀lú National Stadium. Iṣẹ́ náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ọdún 2007 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Nǹkan bí 24,000 èèyàn ló gbà. Teslim Balogun Stadium ni wọ́n pè é. Láti Ìsọlọ̀, téèyàn bá gba Ìtìrẹ́ lọ, kò jìn. Àwọn ọmọ wa ń lọ síbẹ̀ láti lọ wo bọ́ọ̀lù. Orúkọ náà wà lára ògiri, wọ́n ń pè é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ju pé ibùdókọ̀ ni. Kọ́ńdọ́ tó ń ké "Teslim, Teslim" kò jẹ̀bi, ọ̀nà ló ń júwe.

Ẹ wá wo ọjà Aswani wa níhìn-ín ní ọjọ́ ìṣẹ́gun. Láàárín àwọn aṣọ òkìrìkà, ẹ ó rí bàtà bọ́ọ̀lù tí wọ́n so okùn wọn pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọ́n fi kọ́ sórí igi bí ẹja gbígbẹ. Ẹrẹ̀ òkè òkun ṣì máa ń wà nínú eyín ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á gbé e sókè, á tẹ imú rẹ̀, á tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, á wo bóyá eyín kan ti jábọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọkàn rẹ̀ ti dé England. Ó mọ iye ayò tí Osimhen gbá ní Naples, ó mọ orúkọ ìyàwó agbábọ́ọ̀lù Chelsea. Kò lẹ́bi, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé fún un ló kà. Bí ó bá mọ̀ pé ọmọ Èkó kan ti lọ ṣáájú rẹ̀, pé eré mẹ́tàlá péré ni wọ́n fún un, pé kò torí ìyẹn padà wálé lọ́wọ́ òfo, pé ìwé ló gbà bọ̀, bóyá ọ̀nà tí yóò fi wo bàtà yẹn á yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń ná bàtà, ẹyọ kan lè má dé Loftus Road. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá, rẹfirí, dókítà ikọ̀, akọ̀ròyìn eré, iṣẹ́ pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù fún ẹni tó bá fi orí gbá a.

Constantine náà mọ èyí. Nígbà tí apá rẹ̀ rẹ̀, ó kàwé òfin, ó sì di lọ́yà ní 1954. Ó ṣe mínísítà ní Trinidad, ó ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní London, ní 1969 wọ́n sì fi í jẹ oyè tó mú un wọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ní England, dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀. Ó fi orúkọ Nelson sínú oyè náà. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1971, ọdún kan ó lé díẹ̀ ṣáájú Balógun.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkíní lọ sọ́dọ̀ àwọn alákòóso pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè: ẹ gbé pátákó kan dúró síbi tí èrò ń gbà wọlé, kí ẹ kọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí síbẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ikọ̀ tó gbá fún, ọdún 1949, eré 13 àti ayò mẹ́ta, ìwé-ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Mexico 1968. Kò ní náni ju owó bọ́ọ̀lù mélòó kan lọ. Èkejì kan ìwọ tó ń ka èyí ní Ìsọlọ̀, ní Ọ̀kọ́ta, ní Èjìgbò tàbí níbikíbi. Àwọn tó wo Thunder lójúkojú ní Oníkan ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí bàbá rẹ tàbí bàbá-bàbá rẹ bá ṣiṣẹ́ ní Railway, ní Marine tàbí ní báńkì láyé ìgbà náà, lọ wo inú àpótí wọn. Tí fọ́tò ikọ̀ bọ́ọ̀lù bá wà níbẹ̀, tàbí ìwé eré, tàbí ìwé ìròyìn tí wọ́n gé pamọ́, má fi í dáná. Jókòó ti àgbàlagbà tó bá ṣì wà, bi í léèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún, kí o sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pẹ̀lú ọdún. Ya ẹ̀dà rẹ̀, kí o gbé e lọ sí ilé-ìkàwé tàbí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tó bá sún mọ́ ọ. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.